Fín In, Àdùfẹ́

Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ kò lè hu nǹkan kan, kó lọ bi Àdùfẹ́ aya Oyèníran. Ilẹ̀ gan-an kọ́ o, inú àpò ìrẹsì ni ohun tí à ń wí yìí ti hù, inú àpò ìrẹsì àti bàfù tó ti là, lẹ́yìn ilé, láàárín kànga àti ògiri ilé ìwẹ̀. Tábà ni. Tábà gidi, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin, tó ní irun wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje ìbẹ́pẹ.

Ohun tó gbé tábà dé ẹ̀yìn ilé nìyí. Oyèníran, ọkọ Àdùfẹ́, iṣẹ́ àgbérù ló ṣe ní wáàfù Àpápá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, àgbẹ̀ tábà sì ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Kì í mu sìgá. Ó ní ẹni tó ń mu sìgá dà bí ẹni tó ń jẹun lórí ìrìn. Ìkòkò ló ń fà, ìkòkò onígi kan tí eyín rẹ̀ ti gbẹ́ ihò sí lẹ́nu. Nígbà tó wà ní wáàfù, àwọn atukọ̀ òyìnbó a máa fún un ní tábà inú agolo. Ó fẹ̀yìn tì, agolo tán. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìgboro, ó ní koríko ni wọ́n gé tí wọ́n fi orúkọ bò mọ́lẹ̀.

Bí ó ṣe di pé kó máa sọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn nìyẹn. Àárọ̀ Ìsẹ́yìn, alẹ́ Ìsẹ́yìn. Ó ní èéfín tírélà Creek Road ti ba imú òun jẹ́, ó ní kò sí ohun tó ń hù ní Ajégúnlẹ̀ bí kò ṣe ọ̀rá. Ó ní òun máa tún òrùlé ilé bàbá òun kàn, kí òun àti ìyàwó òun kó lọ síbẹ̀ lọ simi.

Àdùfẹ́ ni kò fẹ́ simi. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i. Ibẹ̀ ló ti kọ́ orin, ibẹ̀ ló ti di ìyá ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń fọ abọ́, orin ni. Bí ó bá ń bá ènìyàn jà, yóò dúró láàárín ìjà, yóò fi orin bọ̀ ọ́. Ta ni yóò máa dá orin fún ní Ìsẹ́yìn? Àwọn ará ibẹ̀ ní akọrin tiwọn.

"Bàbá Bùsáyọ̀," ó wí, "ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń mú ìyàwó relé ọkọ. Ẹ ti mú mi wá. Mo ti dé. Ẹ má tún mú mi lọ."

"Ilé ọkọ rẹ kọ́ nìyí. Ilé onílé ni à ń gbé."

"Bí ilẹ̀ ilé onílé yìí bá wá hu tábà ńkọ́?"

Oyèníran rẹ́rìn-ín títí ìkòkò fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Tábà? Nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ yìí? Bó bá hù, tí mo fà á, tó dára, n kò ní dárúkọ Ìsẹ́yìn sí ọ létí mọ́."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ?"

"Mo gbọ́."

"Bí kò bá dára?"

"Kí o di ẹrù rẹ, Àdùfẹ́. Láìjà, láìta."

Báyìí ni wọ́n ṣe mulẹ̀. Oyèníran ní kí wọ́n fi irúgbìn ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Ó dé nínú bébà kékeré, ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí Àdùfẹ́ fi rò pé aáṣáà ni. Ó ti bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó ti ń gbé e lọ sí imú, kí ọkọ rẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀ yẹn, kí ó sín gbogbo oko náà dànù lẹ́ẹ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ni Oyèníran kò ti jẹ́ kí ó fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó ní tábà kì í ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Òun ló gbin ín sínú àwo, òun ló ṣí i sínú àpò, òun ló ń ṣa kòkòrò abẹ́ ewé. Kí Àdùfẹ́ bomi rin ín, kí ó máa kọrin sí i bó bá fẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà sì kọrin sí i:

*Tábà, dákun, má dójú tì mí,*
*Má jẹ́ n di ìyàwó tuntun lọ́jọ́ ogbó.*
*Hù fún mi, kí o fẹ̀ fún mi,*
*Ajégúnlẹ̀ ni mo mọ ọ̀nà omi.*

Tábà gbọ́. Ó hù, ó ga, ó ga ju Àdùfẹ́ lọ. Ewúrẹ́ Philomena, ará yàrá kejì, já okùn, ó jẹ ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó wá kọjú sí ògiri, ó ń wo ògiri náà bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Kò padà wá jẹ èkejì.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń hù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dà rú mọ́ Àdùfẹ́ lójú. Ó so òdòdó, òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó rẹwà. Inú Àdùfẹ́ dùn, ó pe Philomena wá wò ó. Kí wọ́n tó wò ó tán, Oyèníran ti mú ọ̀bẹ jáde, ó ń bẹ́ wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún irúgbìn.

"Ẹ ní kó dàgbà, ẹ tún wá ń bẹ́ ẹ lórí?"

"Kí agbára lè padà sínú ewé ni."

Kò yé e. Wọ́n já ewé tán, ó tẹ́ ẹní sí oòrùn fún un bí ẹni tó fẹ́ sá ẹ̀gẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní rárá, ibòji ni. Ó ní bí oòrùn bá yára gbẹ ẹ́, àwọ̀ ewé kò ní kúrò lára rẹ̀, yóò máa ta ènìyàn lẹ́nu. Ìyẹn náà kò yé e. Ọkọ rẹ̀ fi okùn so wọ́n rọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ará ilé wá di ẹni tó ń tẹríba kọjá. Ewé náà pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ó pọ́n bí amọ̀. Oyèníran wá mú ike kan, ike tí wọ́n fi ń fín omi sí aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé. Àdùfẹ́ rí i. Ó rò pé ọkọ òun fẹ́ lọ agbádá ni.

Ìgbà náà ni káfíńtà ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn pé kí Oyèníran wá wo igi òrùlé. Ó di báàgì. Ó ní òun ò ní pẹ́.

Ó lọ tán ni ọyẹ́ dé.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè là, ilẹ̀kùn ń dún, ewé tábà bẹ̀rẹ̀ sí í dún pẹ̀lú, ṣàkà, ṣàkà, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan fi orí gbá ọ̀kan, ó rún wómúwómú sílẹ̀. Bí ó bá rún tán, Ìsẹ́yìn yá nìyẹn. Kíá, Àdùfẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ó ti gbẹ jù, Bàbá Bùsáyọ̀, ó ń rún."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já bí okùn ògbólógbòó kànga. "Má fọwọ́… Àdùfẹ́, ṣé o ń gbọ́… fín in."

"Kí n kí ni?"

"Fín in. Fín in dáadáa… kó lè… kí n tó dé…"

"Kí n fi kí ni fín in?"

Fóònù kú. Ó tún pè. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tó ń pè kò sí lórí afẹ́fẹ́. Ó tún pè. Obìnrin náà kò yí ọ̀rọ̀ padà. Wọn ò ní iná ní àdúgbò tí Oyèníran dé sí, fóònù rẹ̀ ti sùn.

Àdùfẹ́ jókòó sábẹ́ ewé, ó ń wò wọ́n, wọ́n ń dún lé e lórí. Fín in. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́, kò sì mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Ó bi Philomena.

"Fín? Oògùn ni. Kòkòrò ti wọ inú ẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gbé ti ẹ̀fọn mi wá, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú agolo."

"Ẹnu ló fẹ́ fi fà á, Philomena."

"Ẹ̀fọn ò ní bù ú jẹ mọ́ nìyẹn."

Ó bi Moyọ̀sọ́rẹ, ọ̀kan nínú àwọn akọrin rẹ̀, lẹ́yìn ìdánrawò orin. Ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àpápá, ó mọ ohun tó ń ta sánsán.

"Lọ́fínńdà ni, Mà. Tábà òyìnbó tí mo máa ń gbóòórùn lára ọ̀gá wa, bíi fànílà ló rí. Àfi kí wọ́n fín nǹkan sí i."

"Lọ́fínńdà? Sí ewé?"

"Díẹ̀, Mà. Ẹ̀yìn etí rẹ̀."

"Ewé ní etí?"

Ó bi Onome, ìyàwó ará Warri tó ń yan ẹja ní ìdí odò, tí àgbá rẹ̀ kì í kú èéfín láti òwúrọ̀. Onome kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ẹja.

"Màmá Bùsáyọ̀, wetin you go use fín something if no be smoke? Tábà, èéfín. Èéfín, tábà. No be the same family?"

Àdùfẹ́ padà sílé pẹ̀lú fín mẹ́ta nínú orí kan. Ó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, orin sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é:

*Fín, fín, fín, èwo ni ká fín?*
*Ká fi lọ́fínńdà ni, ká fi oògùn,*
*Ká fi èéfín ilé Onome?*
*Ọkọ mi sọ̀rọ̀ tán,*
*Ó gbàgbé ìtumọ̀ sí Ìsẹ́yìn.*

Bí ó ti ń kọ ọ́ ni ó rántí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn ilé wọn ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà, bàbá rẹ̀ a máa dáná sí ẹnu ihò, a máa fẹ́ èéfín wọlé, òkété yóò sì jáde wá, ojú rẹ̀ á máa ṣomi. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Fín. Wọ́n ń fín òkété. Ẹ̀wà bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Onome ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n máa fi iná sun nígbẹ̀yìn, kí ni wọ́n ń fi omi tàbí lọ́fínńdà dà á láàmú fún?

Ó rọra tú àwọn ewé náà sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn. Ó tẹ́ wọn sí ọpọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó rìn lọ sí ìdí odò, kò kí ẹnì kan lọ́nà kí mímí rẹ̀ má bàa rún un.

Igi etí omi tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti Snake Island ni Onome fi ń dáná, iná rẹ̀ kì í jó fòò, èéfín ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹja ṣáwá wà lórí nẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, ó tutù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, omi rẹ̀ ń ru sókè. Wọ́n to tábà sórí nẹ́ẹ̀tì òkè. Onome fi páálí bo orí àgbá.

"Ṣé kò ní gbóòórùn ẹja?"

"Small, Màmá. Ẹja sef go carry tábà smell. Dem go share am."

Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọ̀sán, Àdùfẹ́ kígbe ayọ̀. Ewé tó ń rún ti rọ̀. Ó rọ̀ bí aṣọ ọmọ ìkókó, ó dúdú, ó ń dán, o lè ká a bí gèlè kó má là. Ìyẹn ni fín. Ó jó padà sílé. Ó fi wọ́n kọ́ okùn padà, ó fi ọwọ́ gbọn ara rẹ̀. Ó ku òórùn ẹja nìkan, ìyẹn kò sì gbọ̀n kúrò.

Oyèníran dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú páànù kékeré kan lábẹ́ apá, àpẹẹrẹ èyí tí wọ́n fẹ́ fi kan ilé, ó mú un wá kí ìyàwó rẹ̀ lè wo àwọ̀ rẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti dúró.

"Kí ló kú sínú ilé yìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bùsáyọ̀. Ẹ kú ìrìn. Nǹkan kan ò kú."

"Kí ni mò ń gbóòórùn?"

"Ẹja ni."

"Ẹja wo?"

"Tábà."

Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo òkè. Ó fa ewé kan sọ́dọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó tún fà á.

"Àdùfẹ́, mo ní kí o fín in."

"Mo fín in."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú èéfín Onome."

"Omi," Oyèníran wí. Ó já ike orí ìṣó, ó tẹ̀ ẹ́ sí afẹ́fẹ́, fíìì. "Omi. Kó lè rọ̀ díẹ̀ ni, ká lè yọ egungun àárín rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní fín."

"Tèmi náà, fín ni wọ́n ń pè é."

"Ta ló ń fi iná fín nǹkan?"

"Ṣé omi ni wọ́n fi ń fín òkété ní Ìsẹ́yìn?"

Oyèníran fi ike kọ́ ìṣó padà. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé páànù lé itan. "Ó ti bàjẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le. "Di ẹrù rẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sí orin lẹ́nu Àdùfẹ́. Ó wo okùn, ó wo àpò ìrẹsì tó ṣófo lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ tí wọ́n ń dánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì láìsí òun, ẹnì kan ń gbé ohùn gba ibi tí kò yẹ.

"Ẹ ò tíì fà á," ó wí.

"Kí n fa ẹja?"

"Bó bá hù, tí ẹ fà á, tó dára. Bẹ́ẹ̀ lẹ wí. Ó hù. Ẹ ò tíì fà á. Ẹ ò sọ pé bó bá rùn."

Olóòótọ́ ènìyàn ni Oyèníran, òótọ́ náà ló sì máa ń kó o sí wàhálà. Ó dìde. Ó yọ egungun àárín ewé, ó fi oyin díẹ̀ pa wọ́n, ó ká wọn jọ bí ẹní, ó fi aṣọ dì wọ́n le dandan, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé wọn. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi di ohun kan ṣoṣo, ó wá fi ọ̀bẹ gé e tín-ín-rín tín-ín-rín. Àdùfẹ́ ń rí i tó ń gbé búlọ́ọ̀kù sókè, tó ń gbóòórùn abẹ́ rẹ̀, tó ń gbé e padà.

Ọjọ́ Ìsinmi ló fà á, lẹ́yìn ìsìn. Àdùfẹ́ ṣì wọ aṣọ akọrin. Philomena gbé àga jáde, Onome náà wá, ó ní ọwọ́ òun wà nínú ẹjọ́ náà. Oyèníran di tábà sínú ìkòkò, ó ṣáná sí i, ó fà á. Èéfín jáde, ó kọjá lórí kànga. Ó tún fà á.

"Báwo ni?" Philomena béèrè.

"Ẹ dúró."

Ó fà á. Ó wo inú ìkòkò bí ẹni tí ẹnì kan pè láti inú rẹ̀. "Ó jọ agolo dúdú kan tí atukọ̀ kan fún mi nígbà tí a wà ní… rárá. Kò jọ ọ́." Ó tún fà á. "Tábà bàbá mi ni. Rárá o. Bàbá mi kì í jẹ ṣáwá."

"Ṣé ó dára?" Àdùfẹ́ béèrè.

"N kò sọ pé ó dára."

"Ṣé kò dára?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Màmá, wetin e dey talk?" Onome béèrè.

"Kò mọ̀," Àdùfẹ́ wí.

"Kò yé mi," Oyèníran wí. Ó gbọn eérú dànù. Ó sì di òmíràn sínú rẹ̀.

Òmíràn náà kò yé e. Ti ọjọ́ kejì kò yé e. Ó máa jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ojú rẹ̀ á dín kù, á ní "ẹ̀hẹ́n", inú Àdùfẹ́ á dùn. Á tún ní "rárá", inú Àdùfẹ́ á bàjẹ́. Títí Àdùfẹ́ fi kíyè sí i pé ẹni tí kò mọ̀ bó dára kò lè ní ká di ẹrù. Nígbà tó kíyè sí ìyẹn, kò bi í mọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, orin padà sí ẹnu rẹ̀.

Káfíńtà pe fóònù láti Ìsẹ́yìn. Àdùfẹ́ ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ má tíì kan án," Oyèníran ń wí. "Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò tíì yé mi… Rárá, kì í ṣe àìsàn. Ẹja ni… Ẹja, mo ní… Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ sáà dúró ná."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó mú irúgbìn tó ti ara ìdí kan ṣoṣo tí kò bẹ́ lórí bọ́, ó da ilẹ̀ tuntun sínú àwo. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun máa fi omi fín àwọn kan, òun máa kó àwọn kan sórí àgbá nígbà tí kò sí ẹja níbẹ̀, òun máa kó àwọn kan sórí ṣáwá, kí òun lè mọ èwo gan-an ló ń ṣe òun báyìí.

"Bí ẹ bá ti ṣe é tán ńkọ́?" Àdùfẹ́ béèrè.

"Ó lè jẹ́ pé irú igi tí wọ́n fi dáná ni. A máa dán ìyẹn náà wò."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Onome rí Oyèníran tó ń bọ̀ ní ìdí odò, nǹkan kan tó ń kọ mànà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Páànù òrùlé Ìsẹ́yìn ni. Ó ní páálí tó fi ń bo àgbá rẹ̀ kò bò ó dáadáa, èéfín ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e lé orí àgbá, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó bá a mu gẹ́lẹ́.

Àdùfẹ́ ń gbọ́ ìró páànù náà láti ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti ń bomi rin àwo irúgbìn. Ó mú ike orí ìṣó, ó fín omi sí ilẹ̀ náà, fíìì, fíìì, ó sì dá orin tuntun kan sí i, kò tíì mọ ibi tí yóò parí sí.